Ta ló ní kó fo odi ẹni ẹlẹ́ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé lọ́dún tó kọjá, ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ dé Mòrókò, ó ní òun máa ti ibẹ̀ wọ Spéìn. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, láti ìgbà náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan fi fídíò hàn mí, àwọn ọlọ́pàá ń na àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú nídìí odi onírin, àwọn mìíràn ti sùn lọ gbalaja, wọn ò mira. Mo bú sẹ́kún. Oníbàárà yẹn ní, “Ta ló ní kí wọ́n fo odi ẹni ẹlẹ́ni? Bí olè bá fo odi yín ní Súrùlérè, ṣé ẹ ò ní í yìnbọn fún un ni?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni òfin fún ọlọ́pàá láyè láti pa ẹni tí kò ní ìwé? Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti ṣe ọmọ wa léṣe, kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, a ò tíì mọ̀ pé ọmọ yẹn ti kú, nítorí náà mi ò ní í kí yín kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú àìsùn ni mo lè sọ.

Kí n tó dé orí òfin, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù kan kúrò lórí yín. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe fídíò náà, ó jọ ti Melilla, ìlú Spéìn tó wà ní etí ilẹ̀ Mòrókò. Ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 2022 nìyẹn ṣẹlẹ̀. Ọdún tó kọjá ni ọmọ yín kúrò nílé, a jẹ́ pé kò lè sí nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ kiri lọ́dọọdún bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé òmíràn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ọjọ́ tí wọ́n yà á ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí omijé tó bọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oníbàárà yín. Ó dùn létí, ìyẹn ló ṣe pa yín lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú olè Súrùlérè yẹn wá síwájú ká wò ó dáadáa. Olè fo odi yín lóru. Ẹ tan iná, ó rí yín, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ti gun odi padà, ẹsẹ̀ kan wà nínú ọgbà, ẹsẹ̀ kan wà lójú títì. Tí ọlọ́dẹ yín bá yìnbọn lù ú lẹ́yìn níbẹ̀, ẹjọ́ ìpànìyàn ni ọlọ́dẹ máa lọ rò, mo sì lè sọ fún yín pé kì í ṣe ẹjọ́ tí lọ́yà máa ń sáré gbà. Ká wá ní olè yẹn yọ àdá, ó sì dojú kọ ọmọ yín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Odi kan náà ni, olè kan náà ni, òru kan náà ni. Àdá ló yí ẹjọ́ padà. Ewu tó wà lórí ẹ̀mí èèyàn ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni òfin máa ń bi yín léèrè. Kò ní í béèrè bí odi yín ṣe ga tó.

Àwọn tó sì ń fo odi Melilla kì í tilẹ̀ ṣe olè. Ìwé ni wọn ò ní. Ohun tí òfin Spéìn ní kí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò ní ìwé ni kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ogun ló ń sá fún. Spéìn sì ti fagi lé ìdájọ́ ikú pátápátá láti ọdún 1995. Adájọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá mú apààyàn mẹ́wàá wá síwájú rẹ̀, kò lè ní kí wọ́n pa ẹyọ kan. Báwo ni ọlọ́pàá ìdí odi ṣe wá fẹ́ ní àṣẹ tí adájọ́ kò ní?

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni rárá. Ibi tí rárá yẹn ti wá ni pé lọ́dún 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpàdé ní Havana, ní Kúbà, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí agbófinró ṣe gbọ́dọ̀ lo ipá àti ìbọn. Ìlànà kẹsàn-án níbẹ̀ ni àwa lọ́yà mọ̀ lórí: agbófinró kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn pa èèyàn, àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá tí wọ́n lè fi gba ẹ̀mí là. Ẹ̀mí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò kọ bọ́dà, wọn ò kọ físà. Ìlànà kẹwàá ní kí agbófinró kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, kó kìlọ̀ pé òun fẹ́ yìnbọn, kó sì fún ẹni náà láyè tó tó láti gbọ́ ìkìlọ̀. Ìkarùn-ún ní tí ẹnikẹ́ni bá ti fara gbọgbẹ́, kí wọ́n tètè fún un ní ìtọ́jú, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ mọ̀ ní kíá.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ìlànà kẹwàá yẹn ni mo máa ń rántí Oníbodè inú ìtàn àkúnlẹ̀yàn. Gbogbo ẹni tó ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé ló ń dúró níwájú rẹ̀, ìbéèrè ló sì fi ń pàdé wọn: níbo lò ń lọ, kí lo fẹ́ lọ ṣe? Iṣẹ́ oníbodè ìlú náà nìyẹn láyé àtijọ́. Á béèrè, á gba owó ibodè, á ṣílẹ̀kùn, tàbí kó ní kí àlejò lọ sùn síta di àárọ̀. Àwọn tó jókòó ní Havana ò gbọ́ ìtàn yìí rí, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Kí n má tàn yín, òfin tiwa níbí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Abala 33 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ẹ̀tọ́ láti wà láàyè lélẹ̀, ó tún wá ṣí fèrèsé mẹ́ta sára rẹ̀: gbígbèjà èèyàn tàbí ohun ìní, mímú ẹni tí òfin ń wá tàbí dídènà kí ẹni tó wà látìmọ́lé má sá, àti pípa rògbòdìyàn. Abala 271 ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa tún wá sọ pé tí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ mú bá ń sá lọ, tí ẹ̀sùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje sókè tàbí kó dé ìdí ikú, ọlọ́pàá lè pa á tí kò bá sí ọ̀nàkọnà mìíràn tó lè fi mú un. Ó yẹ kí wọ́n ti ju abala yẹn sínú kànga látìgbà tí Òyìnbó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bó ṣe wà yẹn náà, ẹ̀sùn ńlá ló ń sọ. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti yìnbọn fún ẹni tó kàn ń rìn gba ìgbẹ́ kọjá bọ́dà.

Fèrèsé kẹta yẹn, ti rògbòdìyàn, ni gbogbo ìjọba ń gbà sá àsálà. Ní Melilla, wọ́n ní àwọn tó wá fo odi mú igi, òkúta àti ìkọ́ irin dání. Òótọ́ ni, àwọn kan mú un dání. Bí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Barrio Chino láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ Sùdáànù ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé. Àwọn ọlọ́pàá fi tajútajú, kóńdó àti ọta rọ́bà pàdé wọn. Àgbàlá tóóró kan ni wọ́n há sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú lura wọn. Ìjọba Mòrókò ní èèyàn 23 ló kú. Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ka 37, wọ́n sì ní 77 mìíràn wà tí ẹbí wọn ò rí títí. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn tó fara gbọgbẹ́ fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, tí dókítà kankan ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ká tiẹ̀ gbà pé ẹni tó ju òkúta lágogo mẹ́jọ àárọ̀ ló fa ipá sórí ara rẹ̀, kí ni ẹni tó ti dákú sílẹ̀ lágogo mẹ́wàá ṣe? Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Spéìn ti pa fáìlì dé. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àwọn.

Ṣáájú Melilla ni Tarajal, ní Ceuta, ìlú Spéìn mìíràn tó wà ní etí ilẹ̀ Mòrókò, èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi torí pé ó ń ṣàlàyé ohun kan tí ìwé òfin ò tètè jẹ́ kéèyàn rí. Ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2014, láàárọ̀ kùtùkùtù. Bí igba ọmọ Áfíríkà ló sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun lápá Mòrókò. Odi bọ́dà wọ inú omi díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá lè lúwẹ̀ẹ́ yí ìparí rẹ̀ po ti bọ́ sí Spéìn nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ omi wẹ̀, ohun tó lè léfòó ni wọ́n so mọ́ra. Àwọn Guardia Civil, ọlọ́pàá Spéìn, dúró lórí iyanrìn, wọ́n ń yin ọta rọ́bà àti èéfín sí ojú omi. Ó kéré tán, èèyàn 14 ló bómi lọ. Nígbà tí mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó gbà pé wọ́n yin ọta rọ́bà, àmọ́ ó ní wọn ò yìn ín sára ẹnikẹ́ni, omi ni wọ́n yìn ín sí. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá 16, ilé ẹjọ́ tú wọn sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mínísítà yẹn dáadáa. Lórí ilẹ̀, ọta rọ́bà lè fọ́ èèyàn lójú, ó lè ṣẹ́ ẹ níhà, ṣùgbọ́n ẹni náà lè sá. Nínú omi tó mù ú dé ọrùn, ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ tí ọta ń bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ò ní í wo iwájú mọ́, á jáwọ́ lára ohun tó dì mú, á mi èéfín símú, ó parí. Ohun tó ń pani kì í ṣe òjé nìkan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ bóyá wọ́n fi ipá tó lè pani lé ọmọ yín, ibi tó wà nígbà náà ṣe pàtàkì bí ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Tìmùtìmù náà lè pani. Semira Adamu, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ogún ọdún, sá fún ọkọ àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ fi fún un. Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1998, wọ́n gbé e wọnú ọkọ̀ òfuurufú ní Brussels láti dá a padà. Àwọn ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀m tẹ orí rẹ̀ mọ́ tìmùtìmù kó má baà pariwo, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà iṣẹ́ wọn ìgbà náà gbà wọ́n láyè láti lo tìmùtìmù. Àwọn ọlọ́pàá kan náà ló ya fídíò rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ náà. Mínísítà abẹ́lé kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lọ́dún 2003 ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá mẹ́rin lẹ́bi, àmọ́ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fún wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ní láti lọ ṣe, àfi tí wọ́n bá tún ṣẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Àmọ́ láìsí fídíò yẹn, mi ò rò pé à bá gbọ́ ìdájọ́ kankan.

Ọlọ́pàá á tún ní “àṣẹ ọ̀gá ni”. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ sílé ẹjọ́, ó sì ti pàdánù. Nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì, ó kéré tán èèyàn 140 ló kú nídìí odi Berlin láàárín 1961 sí 1989. Ẹni tí wọ́n yìnbọn pa gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni Chris Gueffroy, ọmọ ogún ọdún, ní oṣù kejì 1989. Wọ́n fún àwọn tó yìn ín ní ẹ̀bùn owó lẹ́yìn náà. Odi wó lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àwọn ọmọ ogun tó yìnbọn àti àwọn ọ̀gá tó pàṣẹ lọ sílé ẹjọ́. Egon Krenz, tó jẹ́ olórí Jámánì Ìlà-oòrùn nígbà tí odi wó, gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, ó ní òfin ilẹ̀ àwọn ló fàyè gbà á nígbà náà. Ní oṣù kẹta 2001, wọ́n dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé ẹjọ́ Strasbourg yìí kan náà ló dá Gríìsì lẹ́bi ní oṣù kìíní 2024. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn yìnbọn léraléra láti dá ọkọ̀ ojú omi kan dúró lọ́dún 2014. Àwọn ọmọ Síríà farapamọ́ sínú rẹ̀, ọta ba ọ̀kan nínú wọn lórí, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn adájọ́ ní ó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ti rò ó pé èèyàn lè wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìwádìí tí ìjọba Gríìsì ṣe kò nítumọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n san 80,000 yúrò fún ẹbí. Àmọ́ ẹ wá wo Amẹ́ríkà. Sergio Hernández, ọmọ ọdún 15, wà lápá Mẹ́síkò nínú kòtò tó pààlà láàárín El Paso àti Ciudad Juárez ní 2010; ẹ̀ṣọ́ bọ́dà dúró lápá Amẹ́ríkà, ó yìnbọn, ọta sọdá, ọmọ kú. Bí ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn òbí rẹ̀ fi rojọ́. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, ní wọn ò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó yìnbọn, torí pé ilẹ̀ òkèèrè ni ọmọ náà kú sí. Ọta lè sọdá bọ́dà, ẹjọ́ ò lè sọdá. Èmi ò rò pé wọ́n dá a re.

Lápá Sàúdí Arébíà, ibẹ̀ burú ju gbogbo èyí lọ. Ní 2023, Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde pé láàárín oṣù kẹta 2022 sí oṣù kẹfà 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́dà wọn lo ohun ìjà tó ń bú gbàmù fún àwọn ọmọ Etiópíà tó ń ti Yẹ́mẹ̀n wọlé, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Ìjọba Sàúdí ní irọ́ ni.

Kí oníbàárà yín má baà rò pé Òyìnbó àti Lárúbáwá nìkan là ń bá wí, ẹ sọ ti Gámbíà fún un. Ní oṣù keje 2005, àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó lé ní 50, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù, ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, gúnlẹ̀ sí Gámbíà. Ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn lọ sí Yúróòpù ni wọ́n ń wá. Ìjọba Yahya Jammeh rò pé wọ́n wá gbàjọba ni. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa wọ́n.

Èmi náà ní tèmi. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń ti Kútọnu bọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Sẹmẹ̀. Mo ka ibi tí wọ́n ti dá wa dúró títí ó fi sú mi. Obìnrin ará Àjàṣẹ́ kan jókòó tì mí, agbọ̀n ẹja gbígbẹ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sanwó ọkọ̀. Níbì kan ká tó dé Àgbárá, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba yọjú láti ojú fèrèsé. Mi ò ní í sọ irú aṣọ tó jẹ́. Ó ní kí obìnrin náà mú owó wá. Obìnrin yẹn fi Yorùbá Àjàṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti san lẹ́yìn.” Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó fa irin ìbọn rẹ̀: kà-kọ̀ọ̀! Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀ dákẹ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ló na owó sí i kọjá lórí gbogbo wa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ewu tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn ò ju òórùn ẹja lọ. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n ti fọwọ́ sí láti 1979 sì fún obìnrin yẹn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti rìn nílẹ̀ wa láìgba físà. Mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́yà ni mí, ìwé ìdánimọ̀ mi wà lápò, mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ tún lè bi oníbàárà yín bóyá kò ní báàgì Ghana-must-go kankan nílé. Ó yẹ kó mọ bó ṣe jẹ́ orúkọ. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba wa fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde, àwọn ọmọ Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan wà nínú wọn. Bọ́dà Gánà wà ní títì nígbà náà, ni èèyàn bá há sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 1969, àwọn ará Gánà ló lé wa. Ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ sí Ọ̀fà, ẹ béèrè iye ilé tí bàbá wọn ti Kumasi dé láìmú ju ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àlejò níbì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ.

Ẹni tó sọnù ni ọmọ yín títí di ìsinsìnyí, kí ẹ sì máa pè é bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí ẹ bá kọ. Ẹgbẹ́ Red Cross Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń wá ẹbí tí ìrìn àjò tàbí ogun ti ya, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Mòrókò àti Spéìn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Rabat àti ti Madrid. Ẹ má ṣe fi mọ sórí fóònù nìkan, ìwé ni, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ní òǹtẹ̀ tàbí ẹ̀rí pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ké gbàjarè máa wúlò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹni tí wọ́n máa gba itọ́ ẹnu rẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA wá, ìyá tó bí i ni kó lọ. Ti ìyá lágbára ju ti àǹtí lọ.

Àwọn tó bá a rìn ni kí ẹ wá lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ òfuurufú tí IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, fi ń kó àwọn ọmọ wa padà láti Líbíà àti àwọn ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà láìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ yẹn wà káàkiri Èkó báyìí, wọ́n ń ta nǹkan, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́, ojú ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan tó mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí: ọjọ́ wo, ibo, irú aṣọ tí ọlọ́pàá wọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ṣubú àti bó ṣe ṣubú. Kó lọ búra sí i ní kóòtù. “Wọ́n sọ fún mi pé” ò wúlò fún wa. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀. Ọ́fíìsì mi ò jìnnà sí ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ tó jóná ní oṣù kẹwàá 2020. Mo dúró lójú títì lọ́jọ́ kejì, eérú ìwé ń fẹ́ bọ̀ sórí aṣọ mi, mo sì mọ àwọn tí fáìlì wọn wà nínú eérú yẹn.

Tó bá wá jẹ́ ìròyìn búburú ló dé, àfi kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n sin ín kíákíá láìjẹ́ pé oníṣègùn tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tí a fẹ́ pè lẹ́jọ́ wo òkú rẹ̀. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni yín, mo mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Ẹ bá àwọn alfa sọ̀rọ̀, wọn á gbọ́. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Marcus Omofuma kú lọ́jọ́ 1, oṣù karùn-ún, 1999, nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Vienna. Ọlọ́pàá Ọ́síríà mẹ́ta ti fi téèpù dì í lẹ́nu, wọ́n dì í mọ́ ìjókòó. Sofia ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, àwọn oníṣègùn Bùlùgéríà ló sì kọ́kọ́ yẹ òkú rẹ̀ wò. Wọ́n ní kò rí èémí mí ni. Nígbà tó dé Ọ́síríà, ògbógi kan níbẹ̀ ní ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn. Àfìgbà tí wọ́n pe ẹlòmíràn láti Jámánì kí ọ̀rọ̀ tó padà sórí èémí. Ní 2002, wọ́n dá ọlọ́pàá mẹ́ta náà lẹ́bi. Oṣù mẹ́jọ, tí wọn ò lọ ṣe. Tí kò bá jẹ́ ti àwọn oníṣègùn Sofia, àìsàn ọkàn ni à bá máa sọ títí dòní.

Ilé ẹjọ́ tí a máa lọ, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún wa. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọlọ́pàá Spéìn ni, a máa kọ́kọ́ gba ilé ẹjọ́ wọn kọjá. Tí wọ́n bá já wa kulẹ̀, oṣù mẹ́rin péré la ní láti dé Strasbourg. Oṣù mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dín in kù láti 2022, àwọn lọ́yà kan níbí ò sì tíì gbọ́. Ti Mòrókò le, torí pé wọn ò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà. Ilé ẹjọ́ ECOWAS tó wà ní Àbújá dára, èèyàn lásán lè gba ibẹ̀ lọ tààrà, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS nìkan ló ń bá wí, Niger tí ọmọ yín sì ṣeé ṣe kó gbà kọjá ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà láti oṣù kìíní 2025.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó sọ ibi tí ọmọ wà, ẹ sá fún un. Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́.

Fóònù ẹ̀gbọ́n yín ló kù. Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ẹ fi ohùn tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn sí nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò tó dé sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ jókòó, ẹ tún un gbọ́, ẹ má gbọ́ ohun tó ń sọ lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́: ṣé ọkọ̀ ń kọjá ni, ṣé omi ni, èdè wo ni àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ń sọ, ṣé wọ́n ń pe ìrun, ṣé ó pe orúkọ ẹnì kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Tí fóònù náà bá ti ń sọ pé àyè kún, fídíò ìgbéyàwó ni kí ẹ pa rẹ́.